Fíìmù Ìyé Tí Kò Ba Ẹnikẹ́ni Lẹ́rù

Èmi ni mo pe Kọ́lá ní olè. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun nípa ìyá ìyá mi tó ti lọ, nítorí bí mo bá fi í sẹ́yìn, ẹ ó rò pé ṣe ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rere nípa òkú bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìkóríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí àwọn èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Bìní ti ń sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Àwọn tó gbọ́ mi pọ̀. Kò jí nǹkan kan. Mo ti wá mọ̀ báyìí.

Ìyé ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà yìí. Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá nìyẹn, kò sì fẹ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dàgbà jù mí lọ, àwọn ayé kásẹ́ẹ̀tì, Ìyá Ẹlẹ́rù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Òun ló ń darí fíìmù tí wọ́n ń yá wò láti Odígbó títí dé Ọ̀kìtìpupa, tí ẹni tó bá wò ó kò ní lè dá lọ sẹ́yìn ilé. Ọkọ rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ òṣèré tẹ́lẹ̀. Ìyé ní tirẹ̀ ń rán aṣọ eré, ó sì ń kun àwọn òṣèré lójú. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ẹbí ní kó kó aṣọ eré dànù, kó lọ gbin ẹ̀gẹ́. Ó gbin ẹ̀gẹ́ lóòótọ́. Ó tún ń darí fíìmù.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, opó kan ló wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí kò dé rí. Ọkọ̀ dúró, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé láti ra bọ̀ọ̀lì. Ọwọ́ tó na bọ̀ọ̀lì sí i, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti sin ni. Àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ náà kò yí padà. Àkúdàáyà ni ọkùnrin náà. Ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn níbẹ̀, ó ti bímọ, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín pé ènìyàn rere ni. Ìyé kò fi ojú ọkùnrin yẹn hàn títí fíìmù fi parí. Ọwọ́ nìkan. Títí di òní, mo ṣì ń rí àgbàlagbà tó máa ń sọ fún mi pé òun kì í ra nǹkan lójú fèrèsé ọkọ̀ kí òun má kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń tà á. Mo bi Ìyé pé kí ló dé tí kò fi ojú hàn. Ó ní, "Ohun tí o bá ti rí tán, kò lè bà ọ́ lẹ́rù mọ́."

Ìfura ló fi ń ṣiṣẹ́, ìfura náà ló sì fi ń gbé ilé. Kì í jókòó kó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Bí àlejò bá dé, yóò bi í ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀, kó lè rí i bóyá yóò purọ́. Bí o bá yìn ín, yóò máa wo ọwọ́ rẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù iṣẹ́ fọkanáísà, mo ra búrẹ́dì ńlá kan ní ìkóríta, mo gbé e lọ fún un ní Odígbó. Kò tilẹ̀ gbà á. Ó kàn bi mí pé, "Kí lo bà jẹ́?" Lóòótọ́, mo ti já wáyà rédíò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo sì fi aṣọ bò ó. Ó ní, "Ọmọ tó gbé ẹ̀bùn wá láìjẹ́ ọdún, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó bá àwọn ìyá ìjọ jà. Wọ́n ní kó má darí eré àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìkórè mọ́. Obìnrin kan tó ń ta epo pupa, tí òun àti Ìyé jọ ń kọrin, ni wọ́n rán wá.

"Màmá, ẹ má bínú o, ìjọ ló rán mi."

"Ìjọ wo? Àbí ìwọ àti àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ ń jókòó sábẹ́ fáànù?"

Obìnrin náà ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní òkú tẹ́ ẹ ń jí dìde nínú fíìmù yẹn, kò dáa fún àwọn ọmọdé."

"Ṣé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ lọ ka òkú tó dìde nínú ìwé tí ẹ fi há abíyá, kí ẹ tó wá ka tèmi."

Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré. Bí òṣèré kan bá ṣe òkú, tí kámẹ́rà bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, òun náà kò sì gbọdọ̀ dìde. Ìyé fúnra rẹ̀ yóò gbé abọ́ omi wá, yóò fi omi nù ún níwájú orí, yóò pe orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òkú yóò wá dáhùn pé, "Èmi nìyí, mo wà láyé." Ìgbà náà ló tó lè dìde. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó ṣe òkú fò dìde lọ gba ìpè lórí fóònù, ó sì gba ibẹ̀ lọ sílé. Ìyé dá gbogbo iṣẹ́ dúró, ó ní kí wọ́n gbé ọ̀kadà lọ mú un wá, kó wá dùbúlẹ̀ padà. Àwọn èèyàn ń ráhùn pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó ní, "Láàyè ni mo yá a lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láàyè ni n ó dá a padà."

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ sọ́ḿbì wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ti lọ tí Ìyé kò ti ṣe fíìmù. Níbi tí mo ti ń lẹ táyà ní ìkóríta, àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró wo fíìmù lórí fóònù, sọ́ḿbì ni wọ́n sì ń wò. Mo lọ bá a.

"Ìyé, sọ́ḿbì ni ayé ń wò báyìí."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Òkú tó dìde, tó ń jẹ ènìyàn."

"Ó jẹ ẹ́ tán, kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń wá ẹlòmíràn jẹ ni."

"Kò níyàwó? Kò níbi tó ń gbé? Kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀?"

"Rárá o."

"Dayọ̀, ìyẹn kì í ṣe òkú. Ajá dìgbòlugi nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí báyìí. Mo ní, "Ìyé, wọ́n ti gbàgbé yín ni." Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kí n lọ ra bírò àti ìwé wá. "Kó àwọn ajá rẹ wá," ó ní, "kí n wò ó bóyá mo lè sọ wọ́n di ènìyàn."

Inú oko kòkó kan lójú ọ̀nà Àgọ́ Aláyè la ti ya fíìmù náà. Ìyé sọ ọ́ ní *Ilẹ̀ Bì Wọ́n*. Kọ́lá ló gbé kámẹ́rà, òun náà ló ń gé fíìmù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀; ó ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Ọ̀rẹ̀ nígbà náà. Ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá ni mo ń pè é. Àwọn tó ṣe òkú, àwọn àlejò tó ń bá onílẹ̀ dá oko kòkó ni, tí wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ará ìlú ń pe gbogbo wọn ní Àgàtú, ìbáà jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ tàbí wọn kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyé ní kí kálukú wọn kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ wọn. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣì í pè, òun náà ń tún un pè títí tí ó fi tọ̀nà.

Ọ̀kan nínú wọn ló ṣe aṣáájú àwọn òkú. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀, nítorí mo ti ṣe ìlérí. Ó ga, ó tinrín, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n fi ewé kòkó gbígbẹ bò ó mọ́lẹ̀. Ìyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ní, "Má dìde bí ẹranko o. Dìde bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ pè wá jẹun." Ọwọ́ kan ló kọ́kọ́ yọ láàárín ewé. Ó dúró, bí ẹni tó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló dìde, jẹ́jẹ́, ó gbọn ewé kúrò lára, ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí igbe. Gbogbo wa tí a dúró níbẹ̀ ni a sún sẹ́yìn. Mo ti fi fóònù mi ká a sílẹ̀, mo sì gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù mi lójú ẹsẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà mi ti lè wò ó. Nígbà tí Ìyé nù ún níwájú orí, tó pe orúkọ rẹ̀, ó ní, "Èmi nìyí, mo wà láyé, ebi sì ń pa mí gan-an."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ọ̀kadà gbé e ṣubú lójú ọ̀nà Odígbó. Ó kú. Wọ́n gbé e lọ sin sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Èmi ni mo gbé ìròyìn náà lọ bá Ìyé; ó ń fọwọ́ yí ẹ̀gẹ́ rírẹ di púpurú. Mo sọ ọ́ fún un, mo wá fi kún un pé, "Ìyé, ní báyìí tó ti kú, gbogbo ayé ni yóò fẹ́ wò ó o." Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ṣé ènìyàn lò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àbí ọjà?"

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, fóònù mi já bọ́ sínú ìkòkò omi tí Ìyé fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Orí tábìlì ni mo gbé e sí. Ó ní òun kò mọ bó ṣe débẹ̀. Mo wò ó, ó wò mí. Mo fura, ṣùgbọ́n n kò rí ìdí kan.

Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ọ̀rẹ̀ la ti fi fíìmù náà han àwọn ènìyàn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Àwọn àgbàlagbà gun ọ̀kadà wá láti Odígbó àti Ararọ̀mí-Òbú nítorí orúkọ Ìyé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Aṣáájú àwọn òkú kò sí níbẹ̀. A kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dìde. Àwọn òkú kàn ń rìn kiri nínú oko kòkó, èédú àti epo pupa lójú wọn, àwọn ènìyàn sì ń sá fún ohun tí a kò rí.

"Ẹ fún wọn lómi mu, òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n!" ẹnì kan pariwo.

"Sọ́ḿbì wo nìyí? Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀!"

Ẹ̀rín gba ilé kan. Bàbá arúgbó kan tó jókòó nítòsí mi bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Ìyá Ẹlẹ́rù ti tán." Ìyé jókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, kò mira. Lójú ọ̀nà ilé mo bi í pé ibo ni apá tó dùn wà. Ó ní, "Èyí tí ẹ rí yẹn ni fíìmù."

N kò gbà. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọjọ́ ogbó ti mú ọpọlọ rẹ̀, pé Kọ́lá ló ń rẹ́ ẹ jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Kọ́lá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ tuntun. Ọkùnrin kan tó gbé mọ́tò láti Bìní wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo so méjèèjì pọ̀, mo ní ó ti ta apá tó dùn fún ọkùnrin yẹn. Mo lọ bá a.

"Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, ibi tí ọkùnrin yẹn ti dìde ńkọ́?"

"Kò sí mọ́."

"Kò sí mọ́ báwo?"

"Mo ti pa á rẹ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́?"

"Bi Màmá."

Mo wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó jẹ́ kí n wò ó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bọ́ síta. "Ẹ wá o! Ẹ wá wo olè! Ìwọ Kọ́lá, o ti ta iṣẹ́ ìyá arúgbó! Bí o kò bá tà á, sọ ibi tó wà, kí gbogbo ayé gbọ́!" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Àwọn awakọ̀ yí wa ká. Gbogbo ohun tí Kọ́lá sọ kò ju, "Dayọ̀, máa lọ sílé."

Àwọn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ìgbéyàwó fún un gbé e fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tó fi ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, tó kó lọ sí Ọ̀kìtìpupa.

Ìyé ránṣẹ́ pè mí. "Lọ bẹ̀ ẹ́."

"Kí n bẹ olè?"

"Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́?"

"Má bi mí ní ohun tí n kò lè sọ. Lọ bẹ̀ ẹ́."

N kò lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo fura sí òun náà. Mo rò pé àwọn méjèèjì ló jọ tà á. Mo wá ń fi ọgbọ́n rẹ̀ mú un, mo ń bi í ní ohun tí mo ti mọ̀, kí n lè gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ̀ mí. Lọ́jọ́ kan ó gbé ojú sókè láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí, ó ní, "Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fura. N kò kọ́ ọ bí a ṣe ń dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn."

Nígbà òjò ni Ìyé lọ, lọ́sàn-án, lórí àga. Nígbà tí a ń sin ín ní Odígbó, Kọ́lá gbé kámẹ́rà wá, ó ya gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, kí lèyí tún fẹ́ tà?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, obìnrin kan wá láti Àgọ́ Aláyè pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré kan. N ó pè é ní Màmá Ene, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ní òun ni ìyàwó ọkùnrin tó ga yẹn. Ó ní kí ọmọ náà lọ máa ṣeré níta.

"Ṣé ìwọ ni Dayọ̀?"

"Èmi ni, mà."

"Màmá yín ló gbà mí," ó ní. "Nígbà tí a ti ìsìnkú dé, ọmọ mi yìí kì í jẹun láàárọ̀ mọ́. Ó ń lọ sínú oko kòkó, ó ń dúró síwájú òkìtì ewé. Mo ní, kí lò ń ṣe níbí? Ó ní Dádì máa dìde. Ó ní òun ti rí i. Ó ní ọwọ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ."

"Níbo ló ti rí i?"

"Lórí fóònù. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ló fi hàn án."

Orí sítétọ́ọ̀sì mi ni ọmọkùnrin yẹn ti rí i. Kò sí ibòmíràn tí ará ìta ti lè rí i nígbà náà.

Ó ní òun lọ bá Ìyé, òun bẹ̀ ẹ́ pé bí fíìmù náà bá jáde, ọmọ òun kò ní kúrò nídìí ewé yẹn mọ́. Pé kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ ọ, kí àwọn ọmọ ilé ìwé má baà máa pe ọmọ òun ní ọmọ òkú. Ìyé kò bi í ní ìbéèrè kankan, Ìyé tó máa ń bi gbogbo ayé. Lójú obìnrin náà ló ti pe Kọ́lá, tó ní kó pa gbogbo ibi tí ọkùnrin náà wà rẹ́, kó má ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Kọ́lá ní, "Màmá, fíìmù yìí á bà jẹ́ o." Ìyé ní kó bà jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́ Aláyè pẹ̀lú abọ́ kan. Ó mú ọmọ náà lọ́wọ́ lọ sídìí òkìtì ewé. Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ kó ewé náà kúrò títí wọ́n fi kan ilẹ̀. Ó da omi díẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ṣe kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró pẹ́.

"Ọmọ mi ní, 'Kò sí níbí,'" Màmá Ene sọ. "Màmá ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí níbí. Jẹ́ ká lọ jẹun.' Ó sì jẹun."

Mo bi í pé kí ló dé tí Ìyé kò sọ fún mi. Ó ní Ìyé sọ pé bí mo bá mọ̀ pé fóònù mi ni, n ó gbé ẹ̀bi náà kiri títí ayé. Mo wá mọ bí fóònù mi ṣe dé inú ìkòkò omi yẹn.

Mo ti rò ó títí. N kò ní sọ pé Ìyé kò jẹ̀bi. Ó lè dúró ní ìkóríta kó sọ pé òun ló ní kí Kọ́lá pa á rẹ́, kó má sọ ìdí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣì ń bá a jà lórí ìyẹn nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n òun tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó orúkọ jọ, ó jókòó sẹ́yìn ilé yẹn, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín, kí ọmọ kan lè jẹun láàárọ̀.

Mo bi Màmá Ene pé ṣé mo lè sọ ọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀ níta kó tó dáhùn. "Má dárúkọ bàbá wọn. Èyí tó kù, sọ ọ́. Ọkùnrin oníkámẹ́rà yẹn ti ru ẹrù tí kì í ṣe tiẹ̀."

Mo lọ sí Ọ̀kìtìpupa. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ló ní níbẹ̀, ẹgbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lọ ata. Ó rí mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé fótò lo fẹ́ yà?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti Ọ̀rẹ̀ fò lọ. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó ní kí n jókòó sórí àpótí. Ó tún ọrùn aṣọ mi ṣe. Ó padà sẹ́yìn kámẹ́rà, ó ní, "Gbójú sókè." Mo gbìyànjú. Ó dúró dè mí, kò kánjú. Ó tún ní, "Dayọ̀, gbójú sókè." Ó yà á, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gé e sí mẹ́rin, ó kó o lé mi lọ́wọ́, mo sì gba ibẹ̀ lọ sílé láìsọ nǹkan kan.

N kò ní purọ́ pé mo ti padà lọ. Ohun tí mo ti ṣe kò ju pé mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní ìkóríta lọ́jọ́ náà lọ, obìnrin tó ń ta ìrẹsì, àwọn awakọ̀ méjì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì ti sọ fún wọn pé Kọ́lá kì í ṣe olè, pé èmi ni mo ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ni n kò ní rí mọ́, nítorí èrò ọkọ̀ ni wọ́n. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè san gbèsè náà tán. Ṣùgbọ́n ti Kọ́lá fúnra rẹ̀, gbèsè tí mo jẹ ẹ́ ni pé kí n dúró lójú rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, kí n bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ohùn tó ga tó èyí tí mo fi pè é ní olè. N kò tíì san án.